Ọmọ tó ń rìn ní Àsùbáà, tí kò lè rìn mọ́ ní Màgàríbì: kí ló dé tí ẹ fi ń nà án?

 

 Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí le díẹ̀, mi ò sì ní fi oyin bò ó. Ó kan àwọn àáfà wa, ó kan àwa òbí, ó sì kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń pè pé kí ẹ wá di ọmọ mú lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè nà án.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan wà, ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje. Ó ti ń rìn, ó ti ń sáré, ó ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé kéú. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí sínú. Kò fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́, orí ìka ló fi ń rìn. Tó bá jí ní òwúrọ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ kírun Àsùbáà, ó ń tẹ̀ ní rúkù, ó ń dìde, bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Tó bá di Àìlà, ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Tó bá di Alásàárì, ó ń ṣubú. Tó bá fi máa di Màgàríbì, ẹsẹ̀ ti lọ́, nígbà míì ọwọ́ náà ti ń lọ́ mọ́ ọn, àfi kí wọ́n gbé e. Wọ́n tẹ́ ẹ sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó dìde, ó tún ń rìn.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ilé máa ń sọ. Wọ́n á ní, àìsàn wo ló ń wo aago? Wọ́n á ní, ibà kì í lọ kó tún padà wá ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́, ẹni tó ń wá ba lé e ló ń dé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àlùjànnú bá ń jáde. Ẹlòmíràn á ní ọ̀lẹ ọmọ ni, kò fẹ́ ṣiṣẹ́ alẹ́, ṣé kì í ṣe òun náà ló ń sáré ní àárọ̀ ni? Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni ọmọ yẹn máa gbà: pàṣán nílé, tàbí pàṣán níwájú àáfà. A mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. A mọ ata tí wọ́n ń fẹ́ sí imú, a mọ èéfín, a mọ àtòrì tí wọ́n á ní kì í ṣe ara ọmọ ló ń dun, ara ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àárọ̀ tó dáa àti alẹ́ tó burú yẹn, tí ẹ fi ń ṣe ẹ̀rí pé àlùjànnú ni, òun gan-an ni àmì tí àwọn dókítà fi ń dá àìsàn kan mọ̀. Àìsàn náà ní orúkọ, ó ní ìdí, ó sì ní oògùn.

Orúkọ rẹ̀ ni àìsàn Segawa. Masaya Segawa, dókítà ọmọdé kan ní orílẹ̀-èdè Japan, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1971, wọ́n sì tún kọ ọ́ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ ní ọdún 1976. Ẹ wò ó, nínú orúkọ gígùn tí wọ́n fún un lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ ọ́ pé ó máa ń yí padà gidigidi láàrin àárọ̀ sí alẹ́. Àwọn dókítà òde òní tún ń pè é ní dopa-responsive dystonia, ìyẹn ni pé iṣan ara ń lọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń pè ní levodopa ń tú u sílẹ̀. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Níbi tí wọ́n ti ka iye àwọn tó ní in, bí ẹnì kan nínú mílíọ̀nù kan tàbí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni. Kò yan ìlú, kò yan ẹ̀yà, kò yan ẹ̀sìn. Àwọn obìnrin ló ń mú ju ọkùnrin lọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ? Tí o bá fẹ́ ká ẹsẹ̀ rẹ, iṣan kan ní láti fà, èyí tó kọjú sí i sì ní láti dẹ̀. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún wọn, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine sì wà lára àwọn ìránṣẹ́ tó ń gbé àṣẹ náà láti ibì kan dé ibòmíràn. Tí dopamine bá kéré, àṣẹ á dàrú. Iṣan tó yẹ kó fà á máa fà, èyí tó yẹ kó dẹ̀ náà á máa fà, àwọn méjèèjì á wá lọ́ ẹsẹ̀ ọmọ mọ́ra wọn. Ọmọ náà kò ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ sọ pé kó nà án, kò ní lè nà án, bó ti wù kí ẹ jágbe mọ́ ọn tó.

Inú oúnjẹ ni ara ti ń rí ohun tó fi ń ṣe dopamine, nínú ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà. Ara á sọ ohun tó mú níbẹ̀ di levodopa, á tún wá sọ levodopa di dopamine. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn láìsí olùrànlọ́wọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BH4. Gbogbo wa la ní àṣẹ kan nínú ara tó ń sọ bí ara yóò ṣe máa ṣe BH4 yìí. Jíìnì ni wọ́n ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́, jíìnì ni mo wí, kò dún bí jínnì o), tirẹ̀ sì ń jẹ́ GCH1. Méjì méjì la ní in, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn onímọ̀ ní Japan ló rí i ní ọdún 1994 pé tí àṣìṣe bá wà nínú ọ̀kan lára méjèèjì, BH4 lè kéré débi pé dopamine kò ní tó mọ́. Kì í sì í ṣe dopamine nìkan. Serotonin, èròjà míràn tí oorun àti ìdùnnú ènìyàn rọ̀ mọ́, BH4 náà ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà òun pàápàá lè dín kù.

Ẹ rántí fìtílà àtijọ́. Òwú wà nínú rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ kò fọ́, ṣùgbọ́n epo díẹ̀ ni wọ́n bù sí i. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bó ṣe ń jó lọ ni iná ń relẹ̀. Oorun alẹ́ ló ń bu epo díẹ̀ sí ti ọmọ yìí, ohun tó ń ṣe látàárọ̀ ló sì ń jó o tán. Àlùjànnú kò sí nídìí aago. Epo ni kò tó.

Gíláàsì tí kò fọ́ yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú àìsàn Parkinson tó ń mú àgbàlagbà, àwọn ibi tó ń ṣe dopamine nínú ọpọlọ ló ń kú. Ti ọmọ yìí kò kú. Nítorí náà, tí wọ́n bá ya fọ́tò ọpọlọ rẹ̀, ohun gbogbo máa ń wà bó ṣe yẹ. Àwọn òbí á wá jáde ní ibi tí wọ́n ti yà á, owó ti lọ, wọ́n á ní, “Wọ́n yà á, wọn ò rí nǹkan kan. Kì í ṣe àìsàn ilé ìwòsàn.” Gbólóhùn yẹn ti ba ọmọ jẹ́ púpọ̀. Fọ́tò ń fi ilé hàn wá. Kì í sọ bóyá epo wà nínú fìtílà tó wà nínú ilé náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 1957, onímọ̀ kan ní Sweden tó ń jẹ́ Arvid Carlsson fún àwọn ehoro àti eku ní oògùn kan, reserpine lorúkọ rẹ̀. Oògùn náà gbọn èròjà bíi dopamine dànù nínú ọpọlọ wọn. Àwọn ehoro náà kú sójú kan, wọn ò lè rìn mọ́, etí wọn sọ kalẹ̀. Ó fún wọn ní levodopa, kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde tí wọ́n ń rìn kiri. Iṣẹ́ tó ṣe lórí dopamine yìí ni wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000.

Ṣé ẹ mọ ibi tí reserpine ti ń wá? Lára gbòǹgbò igi ni. Wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú èyí tó ń hù ní Íńdíà, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá igi náà wà nínú igbó wa níbí. Asofẹ́yẹjẹ là ń pè é. Àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, òun ni wọ́n fi máa ń rọ wèrè tó ń jà lójú, ó sì máa ń rọ̀ ọ́ lóòótọ́. Mi ò bá ewé jà. Ìmọ̀ ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n wò ó: ohun tí asofẹ́yẹjẹ ń ṣe ni pé ó ń kó dopamine kúrò. Ọmọ tí dopamine rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀yin ní ara rẹ̀ kò balẹ̀, ẹ fún un ní àgbo tí wọ́n fi ń rọ wèrè. Ìwọ̀nba epo tó kù nínú fìtílà, ẹ ti dà á nù. Ọmọ á wá le gbandi, ẹ ó ní, “Ẹ ò rí i bí ó ṣe ń bínú? Oògùn ti ń kàn án lára!” Ẹ ó sì tún bu sí i.

Kí n má baà ṣe ojúsàájú, ilé ìwòsàn náà ń ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ti gbé ọmọ tí ọrùn ń lọ́, tí ojú ń yí, lọ bá ẹni tó kàn wò ó fìrí, ó sọ pé ọpọlọ ọmọ ti dàrú, ó kọ haloperidol tàbí chlorpromazine fún un. Àwọn oògùn yìí ní iṣẹ́ tiwọn fún ẹni tó nílò wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà dopamine ni wọ́n ń dí. Ọmọ tó ní àìsàn yìí kò gbọ́dọ̀ ṣèèṣì kó sí wọn lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n sì máa ń ṣèèṣì pè é jù ní ilé ìwòsàn ni cerebral palsy, pé ọpọlọ ọmọ ti farapa láti inú oyún tàbí nígbà ìbí. Ó ṣẹlẹ̀ sí ìbejì kan ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọ́n ti sọ fún àwọn òbí wọn láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún méjì pé cerebral palsy ni. Ìyá wọn kò gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Òun ló ń kàwé kiri tó fi rí àlàyé nípa ọmọ míràn tí ara rẹ̀ máa ń burú ní ìrọ̀lẹ́, ló bá mú un lọ bá dókítà. Wọ́n fún àwọn ìbejì náà ní levodopa, wọ́n dìde, wọ́n rìn. Nígbà tó yá, mímí tún di wàhálà fún obìnrin inú wọn. Àwọn onímọ̀ ní Baylor College of Medicine ní Houston ka gbogbo jíìnì wọn tán pátá, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2011: jíìnì míràn tí òun náà ń bá wọn ṣe BH4, SPR lorúkọ rẹ̀, ni àṣìṣe wà nínú tiwọn. Serotonin wọn náà kéré. Wọ́n fi oògùn tó ń gbé serotonin sókè kún levodopa tí wọ́n ń lò, ọmọbìnrin náà sì padà sí eré ìdárayá rẹ̀. Àwa Yorùbá tí a mọ ìyì ìbejì, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí a ò bá ti pe irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ báyìí. Wọ́n á ní, ṣé o fẹ́ sọ pé kò sí àlùjànnú ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí Mùsùlùmí tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Súúrà odindi ló wà nínú Àlùkùránì tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Pé wọ́n wà jẹ́ ohun kan, pé òun ló wà ní ẹsẹ̀ ọmọ Sàkíná jẹ́ ohun mìíràn. Ti àkọ́kọ́, Ọlọ́hun ló sọ ọ́. Ti èkejì, ìwọ ni o sọ ọ́, ẹ̀rí dà? Àwọn àgbà wa ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Gbogbo ayé ló ń fi òwe yìí ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá síwájú alákàálí ní ọ̀nà ti sharia kí ẹ wò ó bóyá á gbà á. Ohun méjì tó tẹ̀léra kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé díẹ̀ á tún mú Zād al-Ma‘ād ti Ibn al-Qayyim wá, pé ó sọ nínú rẹ̀ pé olùkọ́ òun, Ibn Taymiyyah, na ẹni tí àlùjànnú gùn. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà, nínú ìwé kan náà, pín wárápá sí oríṣi méjì: ó ní ọ̀kan ń ti ọwọ́ àwọn ẹ̀mí burúkú wá, ó ní ìkejì ń ti inú ara fúnra rẹ̀ wá, èyí tí àwọn oníṣègùn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ti àwọn oníṣègùn náà. Nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn ni o, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ dopamine. Tirẹ̀, ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Tiyín, ojú ìwé kan lẹ mọ̀, pàṣán lẹ sì fi ń yà á. Tí ọmọ bá ké, ẹ ní àlùjànnú ló ké. Tí kò bá ké, ẹ ní àlùjànnú ló ń ṣorí kunkun. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tó ń rìn, ẹ ní pàṣán ló lé e, ẹ gba owó. Òwúrọ̀ ló mú un rìn! Kódà bí ẹ kò bá nà án, á rìn.

Ta ni àwòkọ́ṣe wa? Obìnrin kan wá bá Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó ní gìrì máa ń gbé òun ṣubú, ara òun sì máa ń ṣí sílẹ̀, kó bá òun ṣàdúrà. Bukhārī àti Muslim ló gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbās. Ànábì ní kó yan ọ̀kan: kó ṣe sùúrù kó sì gba ọgbà ìdẹ̀ra, tàbí kí òun tọrọ ìwòsàn fún un. Ó yan sùúrù, ó ní kó ṣáà bá òun ṣàdúrà kí ara òun má máa ṣí sílẹ̀ mọ́, Ànábì sì ṣe é. Ohun yòówù kó fa tirẹ̀, ẹ wo bó ṣe lọ. Kò nà án, kò bi í léèrè ẹni tó ṣẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìhòòhò tó ń dójú tì í ni ó bá a bò.

Ìtàn míràn tún wà tó yẹ kó máa dẹ́rù ba àwa tí wọ́n ń pè ní àáfà. Àwọn sàhábà kan wà lórí ìrìn-àjò, òkúta fọ́ orí ọ̀kan nínú wọn. Ó lálàá tó fi di dandan kó wẹ ìwẹ̀ jánábà, ó sì béèrè bóyá ó lè ṣe tayammum. Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní rárá, àfi kó wẹ̀. Ó wẹ̀, ó kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní àwọn ló pa á, ó sì bínú pé kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀. Abū Dāwūd ló gbé e wá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà la ti rí i pé ẹni tó bá ń wo aláìsàn láìjẹ́ pé ó mọ iṣẹ́ náà, òun ni yóò ru ohun tó bá ti ibẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní oníwòsàn súnnà, súnnà nìyẹn.

Rúkíyà ńkọ́? Ẹ máa ṣe é. Ẹ ka Fātihah àti àwọn súúrà ààbò sí ọmọ lára ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kó sì jẹ́ ìyá tàbí bàbá gan-an ni yóò kà á, pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Kò sí ibi tí ó ti ní kí ẹ má lọ rí dókítà. Ànábì pàṣẹ pé kí á máa wá oògùn, ó sì fi dá wa lójú pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò fún ní ìwòsàn, àfi ogbó. Ẹni tó bá ní kádàrá ni, kí á jókòó tì í, kó rántí pé oògùn náà wà nínú kádàrá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá àti ìyá àgbà. Nínú ilé púpọ̀, tí ọmọ bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀ làjẹ́, tàbí kó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló gbé nǹkan wá láti ilé wọn. Mo ti gbọ́ ibi tí ìgbéyàwó ti tú ká lórí irú rẹ̀. Jíìnì GCH1 yìí lè ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ó lè ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, ó sì lè jẹ́ ara ọmọ náà ló ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gbé e fún ọmọ lè má ṣàìsàn rí títí tó fi dàgbà. Òbí tó bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí ní ìdajì àǹfààní láti gbà á, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó gbà á ló ń ṣàìsàn. Ta lo fẹ́ dá lẹ́bi níbẹ̀?

Ará oko kan wá bá Ànábì, ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ tó dúdú, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ọmọ náà. Ànábì bi í bóyá ó ní ràkúnmí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọ̀ wo ni wọ́n? Pupa. Ṣé eléérú wà nínú wọn? Ó wà. Ibo ló ti rí i? Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ dáhùn pé ó lè jẹ́ pé gbòǹgbò kan láti ẹ̀yìn ló fà á. Ànábì ní, bóyá gbòǹgbò kan ló fa ti ọmọ yìí náà. Kò jẹ́ kó kọ ọmọ, kò jẹ́ kó fi ẹ̀sùn kan ìyàwó rẹ̀. Ó wà nínú Bukhārī àti Muslim. A ń ka hádíìsì yìí nínú ilé kéú, a ń túmọ̀ rẹ̀, ká tó dé ilé a ti gbàgbé, a ń pe màmá ẹni àádọ́rin ọdún ní àjẹ́. Ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí lórí ọmọlúwàbí obìnrin, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, a ó sì dáhùn fún un.

Wàyí o, kí ni ẹ lè ṣe? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbé fóònù yín. Dípò kí ẹ di ọmọ mú, ẹ ya fídíò rẹ̀ bó ṣe ń rìn lẹ́yìn Àsùbáà, kí ẹ tún yà á bó ṣe ń rìn kí Màgàríbì tó dé, ní ọjọ́ kan náà, fún ọjọ́ bíi mẹ́ta. Bóyá ó sun oorun ọ̀sán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ bó ṣe rí lẹ́yìn oorun náà. Dókítà tó bá rí ọmọ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nìkan lè má rí nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí fídíò yín fi ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó, ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì béèrè dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ara. Ẹ bi í léèrè tààrà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò lè jẹ́ dopa-responsive dystonia? Ṣé a kò lè fi levodopa dán an wò?” Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni, dókítà mìíràn lè má rí i rí láyé rẹ̀. Àyẹ̀wò jíìnì wọ́n, wọn kì í sì í ṣe é níbi gbogbo, ṣùgbọ́n oògùn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àyẹ̀wò. Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ni, láàrin ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ ó ti rí i. Àwọn kan ti fi ọdún gbọọrọ jókòó sórí àga aláìlèrìn kí wọ́n tó rí oògùn yìí, wọ́n sì tún dìde.

Ẹ má lọ rà á fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù oògùn o. Levodopa pẹ̀lú carbidopa wà lára àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà mọ́ kò-ṣeé-má-nìí, ṣùgbọ́n dókítà ló mọ iye tó yẹ ọmọ. Tó bá sì ṣiṣẹ́, ẹ má fi ìdùnnú dá a dúró. Epo ló ń bu sí fìtílà, kò tún jíìnì ṣe, títí ayé ni ọmọ náà yóò máa lò ó. Tó bá dàgbà tí ààwẹ̀ Ramadan dé, kó bá dókítà sọ bóyá sààrì àti ìṣínu lè gba oògùn rẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú aláìnígbàgbọ́ wò ó.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ ló ní àìsàn yìí. Púpọ̀ wọn, ohun mìíràn ni, levodopa kò sì ní ṣe nǹkan kan fún wọn. Wọn kì í ṣe ẹni tí à ń nà bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ̀yin aláṣẹ mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ owó ló kù. Owó tí à ń dá fún àáfà kan kó lè fi ọjọ́ méje “bá wọn jà” lórí ọmọ kan, ẹ mọ iye tó jẹ́, èmi náà mọ̀ ọ́n. Aláìsàn tó tún jẹ́ tálákà ní ẹ̀tọ́ nínú sàkáà wa. Tí ìyá kan bá gbé ọmọ tó ń rìn ní Àsùbáà wá sí iwájú yín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ ka Fātihah sí i lára, kí ẹ sì ka owó ọkọ̀ Ìbàdàn àti owó dókítà sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.